Kẹ̀kẹ́ Tí Kì í Kúrò Lẹ́yìnkùlé

Bí ẹ bá dé Fìdítì tí ẹ sì dárúkọ Ọládipọ̀ Adégòkè fún àwọn àgbà, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn. Ẹ ní sùúrù fún wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí èémí mí nínú wọn yóò nu ojú rẹ̀, yóò sì sọ pé, "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìtẹ̀bọmi fún yín."

Oṣù kẹta ọdún 1956 ni. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà le tó bẹ́ẹ̀ tí odò tí ìjọ Onítẹ̀bọmi máa ń lò kò fi lè bo ọrùn ẹsẹ̀ ènìyàn mọ́, bẹ́ẹ̀ ènìyàn márùn-ún ló ń dúró de ìtẹ̀bọmi. Pásítọ̀ Olúṣínà wá omi títí. Ibi kan ṣoṣo tó rí tí omi ti lè mu àgbàlagbà dé àyà ni adágún tí Adégòkè gbẹ́ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀, níbi tó ti ń sin ẹja. Bàbá Pọ́ǹpù ni gbogbo ìlú ń pe ọkùnrin náà. Nígbà tí Pásítọ̀ wá tọrọ omi lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti gbà kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu Pásítọ̀.

Dorothy ìyàwó rẹ̀ ni inú rẹ̀ kò dùn.

"Bàbá Mobọ́lá, ẹja ìkórè ló wà nínú omi yẹn o."

"Ẹja kò ní í dí wọn lọ́wọ́. Wọn á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ta ló máa sọ fún wọn kí wọ́n sún?"

"Àwọn ẹja mi gbọ́n," ni Adégòkè wí, ó sì lọ gbá etí adágún fún àwọn àlejò.

Bí adágún náà ṣe rí nìyí. Páìpù ńlá kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Igi tí Adégòkè fi aṣọ wé ló fi dí i. Okùn kan so mọ́ igi yìí, ó gba inú omi jáde, wọ́n sì so orí rẹ̀ mọ́ èèkàn létí adágún. Bí Adégòkè bá fẹ́ pààrọ̀ omi, yóò fa okùn, igi yóò yọ, omi yóò sì gba inú páìpù lọ sí gọ́tà ẹ̀yìn ilé. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, nítorí kò sí ẹni tó bi í.

Ènìyàn mẹ́rin wọ inú omi, wọ́n sì jáde láìsí wàhálà, àfi ọ̀kan tó ní nǹkan ń fẹnu kan ìka ẹsẹ̀ òun, tí Pásítọ̀ sì sọ fún un pé ìdánwò ni. Ẹni karùn-ún ni Ìyábọ̀dé aránṣọ, obìnrin kan tó sanra dáadáa tí omi sì máa ń bà lẹ́rù. Bó ti wọ inú adágún báyìí, ó ń wá nǹkan dì mú. Okùn yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Ó dì í mú pinpin.

Pásítọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà." Gbogbo ìjọ dijú.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Pásítọ̀ Olúṣínà, àdúrà rẹ̀ kì í kúrú. Láti orí Nóà àti ọkọ̀ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì kúrò níbẹ̀ tí Dorothy fi gbọ́ ìró kan tó mọ̀ dáadáa, gólógóló, gólógóló, láti ìsàlẹ̀ omi. Ó la ojú kan. Omi tó wà láyà Pásítọ̀ ti dé ìdí rẹ̀. Ó wo òdìkejì, ó rí i pé ọkọ òun náà ti lajú, àwọn méjèèjì sì ń wo ara wọn. Ní ìjọ yẹn, bí òrùlé bá ń jó, ènìyàn á dúró de àmín ni. Nígbà tí Pásítọ̀ dé orí àwọn aláìsàn, omi ti dé orúnkún. Adégòkè ń nawọ́ sí okùn, ó ń ṣe bí ẹni fẹ́ bẹ́ sínú adágún, Dorothy ń mirí sí i pé kò gbọdọ̀ dán an wò. Nígbà tí wọ́n dé orí àwọn arìnrìn-àjò, ẹja ti ń ta pọ́npọ́n láàárín ẹsẹ̀ Pásítọ̀, ìyẹn kò sì lajú. Ó ṣe àmín. Ó di Ìyábọ̀dé mú lẹ́yìn, ó pe orúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ẹrẹ̀.

"Kò tíì bọmi!" ni Díákónì Olúkúnlé kígbe. "Ẹrẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ kàn, kì í ṣe omi."

"Mo bọmi!" ni Ìyábọ̀dé wí, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lójú. "Mi ò tún wọ ibẹ̀ mọ́ láéláé."

Pásítọ̀ wo ìsàlẹ̀, ó wo òkè, ó ní, "A ó parí rẹ̀ nígbà òjò."

Adégòkè kò gbọ́ ìkankan nínú èyí. Ó ti sáré tẹ̀ lé páìpù. Gbogbo ẹja rẹ̀ ti bọ́ sí gọ́tà, àwọn aládùúgbò sì ti yọ sí wọn pẹ̀lú igbá, pẹ̀lú abọ́, ẹnì kan tiẹ̀ fi fìlà rẹ̀ kó tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi máa ṣú, òórùn ọbẹ̀ ẹja ti gba àdúgbò kan. Adégòkè dìde, ó mú ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsùlù, ó sì jáde. Dorothy rò pé ìjà ló bá lọ. Ó yọ́ tẹ̀ lé e.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ni Adégòkè wí ní ojúlé àkọ́kọ́. "Ṣé ó dùn?"

"Bàbá Pọ́ǹpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa..."

"N kò bínú. Mo ní, ṣé ó dùn àbí kò dùn?"

"Ó dùn gan-an, sà."

"Egungun rẹ̀ ńkọ́? Ó pọ̀ jù?"

"Ó mọ níwọ̀n, sà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọjá sí ilé kejì. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ ń dán. "Ìyá Mobọ́lá, ilé mọ́kànlá! Kò sí ẹnì kan tó ní kò dùn." Ó jókòó sí etí adágún tó ti gbẹ, ó ń ka ohun tó kọ. Ìgbà tó kà á tán ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Bísíkíìtì náà ni lọ́dún yìí nìyẹn." Gbogbo ìlú ló mọ ìtàn ìtẹ̀bọmi yìí, ṣùgbọ́n Dorothy nìkan ló gbọ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, òun nìkan ló sì mọ bó ṣe dun ọkùnrin náà tó.

Ohun tó fà á ni pé Adégòkè kì í ṣe àgbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ rélùwéè, ní ibùdókọ̀ kékeré kan lójú ọ̀nà Òkè Ọya. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fa omi fún ọkọ̀ ojú irin mu. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 1955, ohun tó kó wálé kò ju pọ́ǹpù àlòkù kan, páìpù díẹ̀, àti kẹ̀kẹ́ tó ní aago tó ń dún ketekete. Kò mọ ebè kọ. Kò mọ ìgbà tí wọ́n ń gbin àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ ní ìjọ wọn, lọ́jọ́ ìsìn ìkórè, akọ̀wé máa ń dárúkọ ilé kọ̀ọ̀kan, olórí ilé yóò gbé ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wá síwájú, akọ̀wé yóò sì ké e sókè kí gbogbo ìjọ gbọ́. Iṣu, ẹ̀gẹ́, ataare, ohun tí oko bá fúnni. Ní ìkórè àkọ́kọ́ tí Adégòkè bá wọn ṣe, agolo bísíkíìtì kan àti ọṣẹ ìfọṣọ ló gbé dání.

Díákónì Olúkúnlé, tí iṣu rẹ̀ ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, fi ọwọ́ kan ẹnu, ó bi í lóhùn tó dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Bàbá Pọ́ǹpù, níbo ni wọ́n ti ń gbin bísíkíìtì ná?"

Ṣọ́ọ̀ṣì wó fún ẹ̀rín. Adégòkè náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Ọgbọ̀n ọdún, Ìyá Mobọ́lá," ló wí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi fún ọkọ̀ ojú irin lómi mu. Kò sí ohun tó hù níbẹ̀ tí mo lè gbé lọ síwájú Ọlọ́run."

Àánú rẹ̀ ṣe Dorothy. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí Adégòkè jí ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tó ní omi nìkan lòun mọ̀, pé ohun tó ń gbé inú omi lòun yóò sì sìn, tó sì ń fi ọkọ́ wọn ilẹ̀ níbi tí ewúro ìyàwó rẹ̀ wà, obìnrin náà kò bá a jà. Ó kàn ní kí ó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ já ewúro náà.

Ìbàdàn ni ó ti lọ ra ọmọ èpìyà, ó kó wọn sínú garawa. Ẹnì kan ti sọ fún un pé ẹja máa ń kú lọ́nà nítorí àìrí afẹ́fẹ́, nítorí náà ó ti ẹnu pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ bọ inú omi, ó jókòó nínú bọ́lẹ̀kájà, ó sì ń fẹ́ ẹ.

Obìnrin tó jókòó tì í ní, "Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ń bá wọn mí."

Obìnrin náà sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí apá Adégòkè kú, ọkùnrin tó wà ní òdìkejì gba pọ́ǹpù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun náà yóò fẹ́ díẹ̀. Ó gbé e fún ẹlòmíràn. Kí wọ́n tó dé Fìdítì, pọ́ǹpù ti yí gbogbo ọkọ̀ ká, obìnrin yẹn náà ti fẹ́ tirẹ̀, awakọ̀ sì ń bi wọ́n láti iwájú pé, "Wọ́n ṣì ń mí?" Àwọn tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ bọ́ sílẹ̀ ní Fìdítì láti wò ó bí wọ́n ṣe máa dà wọ́n sínú omi. Nígbà tí Adégòkè délé, èrò ọkọ̀ mẹ́rìnlá ló bá a wọlé, Dorothy sì ní láti wá nǹkan tí wọn yóò jẹ.

Pọ́ǹpù ńlá tó ń fa omi láti inú kànga sínú adágún ni ìyọnu gidi. Ó ń wúkọ́, ó ń tu omi díẹ̀, á dákẹ́. Awọ inú rẹ̀ ló ti gbẹ. Adégòkè wá awọ tó nípọn káàkiri ìlú, kò rí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìtajà jáde. Dorothy bá a yọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ló mọ ibi tí awọ ti wá. Ó fi tọ́rọ́ ọrẹ rẹ̀ sínú báàgì awọ tí Mobọ́lá ọmọ wọn, tó ń ṣe tíṣà ní Ìbàdàn, rà fún un. Tọ́rọ́ náà bọ́ sílẹ̀, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga àwọn díákónì. Dorothy yí báàgì padà, ó rí ihò kan nídìí rẹ̀, ó rí roboto bí ẹnu páìpù.

"Ìdí rẹ̀ ni mo gé," ni Adégòkè wí nígbà tí wọ́n délé. "N kò fọwọ́ kan ojú rẹ̀."

Lẹ́yìn ọ̀ràn ìtẹ̀bọmi, Adégòkè búra pé ẹnikẹ́ni kò tún ní í fa okùn mọ́. Ó po símẹ́ǹtì, ó fi dí ẹnu páìpù pa. Ó tún lọ kó ọmọ ẹja wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1957. Ṣùgbọ́n ó gbàgbé ohun kan: omi tí kò lè jáde, kò ṣeé pààrọ̀. Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ki, àwọn ẹja a máa gbé ẹnu sókè láràárọ̀, wọn a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ẹni wà nínú bọ́lẹ̀kájà tí kò sí pọ́ǹpù, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti wí.

Ó ránṣẹ́ pe Mùtàlíbù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Wọ́n tẹ́ pákó sórí igun adágún, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ Adégòkè lé e, wọ́n sì kan pákó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn kí ó lè máa gbá omi bó bá ti ń yí.

"Bàbá, kò ní í ní táyà lẹ́yìn o," ni Mùtàlíbù wí.

"Táyà kí ni? Níbo ni mo ń lọ?"

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Adégòkè gun kẹ̀kẹ́, ó ń wà á, omi ń fọ́n, àwọn ẹja ń sáré wá síbi ìfófòó. Lójijì ṣéènì já. Kẹ̀kẹ́ fì sápá kan, Bàbá Pọ́ǹpù bá a lọ, ó di inú omi gbòlà! Nígbà tí orí rẹ̀ yọ, Mùtàlíbù ti di ikùn mú, kò lè nàró.

"Bàbá, níbo lẹ bá ìrìn-àjò dé?"

Adégòkè tu omi kúrò lẹ́nu. "Ó kù díẹ̀ kí n dé Akínmọ̀rìn."

Láti ọjọ́ náà ló ti di àṣà. Bí ẹja bá gbádùn, yóò sọ fún Dorothy pé òun ń lọ sí Akínmọ̀rìn, ìlú tó sún mọ́ wọn, kò sì ní í pẹ́. Bí wọ́n bá ń gbé ẹnu sókè díẹ̀, Ìlọrà tó jìn díẹ̀ sí i ni. Bí omi bá bàjẹ́ gan-an, yóò fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, yóò ní, "Ìyá Mobọ́lá, Awẹ́ ni lónìí o," Dorothy á sì kí i pé ó dàbọ̀. Bó bá dé, yóò tẹ aago lẹ́ẹ̀mejì, ketekete, kí Dorothy lè mọ̀ pé òun ti wálé, kí ó po ògì sílẹ̀ fún òun. Dorothy kọ́kọ́ kà á sí ọ̀rọ̀ àgbà tó ń ṣeré. Nígbà tó yá, òun náà kò mọ ìgbà tó bá a wọ̀ ọ́.

Olúkúnlé wá bi í láàárọ̀ ọjọ́ kan pé Bàbá ńkọ́.

"Ó ti lọ sí Ìlọrà, sà."

"Ìgbà wo ló máa dé?"

"Kò ní í pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ yín bá kánjú, ẹ yà sẹ́yìnkùlé, ẹ ó pàdé rẹ̀ lọ́nà."

Báyìí ni ẹja ń dàgbà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n ti tó àtẹ́lẹwọ́ Adégòkè pẹ̀lú ìka. Ó ń wọ̀n wọ́n, ó ń ka ọjọ́ tó kù sí ìkórè, ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó ti ń dá ohun tí akọ̀wé yóò ké kọ́ fúnra rẹ̀ níwájú dígí. Lówùúrọ̀ ọjọ́rú kan, ó dé láti Awẹ́, ó tẹ aago lẹ́ẹ̀mejì, ó mu ògì rẹ̀, ó ní ọ̀nà náà jìn díẹ̀ lónìí, òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀. Kò dìde mọ́.

Wọ́n sin ín ní ọjọ́ kejì. Ilé kún, ẹkún pọ̀, àwọn tó sì wá ṣọ̀fọ̀ a máa sunkún títí, ẹnì kan á wá rántí ìtẹ̀bọmi. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, Dorothy lọ da eérú nù lẹ́yìnkùlé, ó rí àwọn ẹja. Gbogbo wọn ti gbé ẹnu sókè. Méjì ti dojú dé.

Ó dúró wò wọ́n. Ó rántí agolo bísíkíìtì. Ó ránṣẹ́ pe Mùtàlíbù pé kí ó wá wo ṣéènì tó ti dẹ̀.

Nígbà tí ìyẹn mú un le tán, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín wà á láràárọ̀."

"Ìwọ ní ṣọ́ọ̀bù tìrẹ," ni Dorothy wí. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó fún un mọ́ra. "Dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibí. Bí mo bá ṣubú, má rẹ́rìn-ín."

Kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ, kò tilẹ̀ kúrò ní Fìdítì. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dé ìta ìlú. Lọ́sẹ̀ kejì, ó dé Akínmọ̀rìn, orúnkún rẹ̀ sì ń ro ó títí di alẹ́. Ẹja kankan kò kú mọ́.

Lọ́jọ́ ìsìn ìkórè, akọ̀wé ń dárúkọ. Nígbà tó dé ibì kan nínú ìwé rẹ̀, ó yọ gíláàsì, ó tún wọ̀ ọ́. "Ilé olóògbé Ọládipọ̀ Adégòkè."

Dorothy dìde láti ẹ̀yìn. Ó ru bàsíà ńlá, omi ń ta jáde nínú rẹ̀, ó ti rin gèlè rẹ̀ gbingbin. Ó rìn dé iwájú.

"Kí lẹ gbé wá, Màmá?"

"Ẹja. Ọkọ mi ló sìn ín."

Díákónì Olúkúnlé dìde lórí àga rẹ̀, ó wá bá a sọ bàsíà kalẹ̀. Bó ṣe tẹrí ba báyìí, ẹja tó tóbi jù nínú wọn ta, ó fi ìrù gbá a létí, gbàá!

"Ẹ má bínú, Díákónì," ni Dorothy wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú."

Ẹni tó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín ni Olúkúnlé fúnra rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀, nígbà tó sì nu ojú náà tán, omi mìíràn tún wá síbẹ̀. Ó yíjú sí ìjọ, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ ké e kó dún dáadáa. Ẹja! Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Adégòkè fi sìn ín." Akọ̀wé sì ké e. Ìyábọ̀dé aránṣọ, tí wọ́n ti parí ìtẹ̀bọmi tirẹ̀ nígbà òjò, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ẹja kéékèèké ṣì kù nínú adágún. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Dorothy fún ìró rẹ̀ mọ́ra, ó sì kọjú sí yàrá tó ṣófo. "Mo ń lọ sí Ìlọrà o," ló wí. Ó gun kẹ̀kẹ́. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, omi ń fọ́n sí i lẹ́sẹ̀, àwọn ẹja ń sáré wá síbi ìfófòó. Ó wà á lọ, ó wà á bọ̀, kò sinmi lọ́nà.

Nígbà tó dé, ó tẹ aago lẹ́ẹ̀mejì, ketekete, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó sì jókòó sórí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ó ń retí ògì. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ó tó rántí pé òun ló yẹ kí ó lọ pò ó. Ẹ̀rín gbà á, ó rín in títí, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ dá iná.